Kíkọ́ Ọmọ Ní Mọ́tò Wíwà n'Ìbàdàn: Ohun Tó Yẹ Kó Ba Òbí Lẹ́rù, àti Ohun Tí Kò Yẹ

Ọjọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ jókòó sídìí sítíárìn ni àyà òbí máa ń já jù. Ìyá á di ilẹ̀kùn mú, bàbá á máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò burú kí ẹ̀rù bà yín, àmọ́ ọjọ́ yẹn kọ́ lewu wà. Nígbà tí ẹ bá jókòó tì í, tí ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ nínú pápá, ohun tó lè bàjẹ́ kì í sábà ju bọ́ńpà lọ. Ọjọ́ ewu ni ọjọ́ tó bá ti gba ìwé ìwakọ̀, tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, tó kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin sínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ti òde ìnáwó bọ̀ láti Akóbọ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí òjò sì ń rọ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kí ẹ máa wò.

Ọdún 18 ni, kì í ṣe bó ṣe ga tó

Ọdún 18 ni òfin Nàìjíríà fi lélẹ̀ kí ènìyàn tó lè gba ìwé ìwakọ̀ mọ́tò ara ẹni. Ọmọ ọdún 16 tó ti mọ mọ́tò wà dáadáa kò ní ìwé, ó sì parí síbẹ̀. Tó bá kọlu ènìyàn, wọ́n á béèrè ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ wo ìwé ìṣúráńsì yín náà. Tádì páátì tí ọ̀pọ̀ wa ń san, tó di ₦15,000 fún mọ́tò ara ẹni láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfò ẹni tí ẹ kọlù nìkan ló wà fún, kì í tún mọ́tò tiyín ṣe. Bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ kò bá sì ní ìwé, ilé-iṣẹ́ ìṣúráńsì ní ọ̀nà tí wọ́n á fi yọ ọwọ́ wọn kúrò.

Tó bá ti pé ọdún 18, kí ó gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ lẹ lẹ́tà L pupa lórí pátákó funfun síwájú àti sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ní ìwé ìwakọ̀ gidi sì jókòó tì í nígbàkigbà tó bá wọ títì. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fọwọ́ sí ló máa fún un ní ìwé ẹ̀rí, àwọn VIO á dán an wò, lẹ́yìn náà ni yóò lọ ya àwòrán, kí ó sì tẹ̀ka. NIN rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ sì bá ti ìwé yòókù mu, torí àìbáramu yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Àwọn kan á ní àwọn lè bá yín gba ìwé náà láìjẹ́ kí ọmọ yọjú sí ìdánwò kankan. Ẹ má dá wọn lóhùn. Òbí tó bá ra ìwé fún ọmọ kàn ti ra ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ò dán an wò ni.

Kó tó fọwọ́ kan sítíárìn, ẹ kọ́ ojú rẹ̀

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kì í pẹ́ mọ ọkọ̀. Ojú ló ń pẹ́. Ìdí nìyí tí ọdún 16 àti 17 kò fi yẹ kó ṣòfò, torí a lè kọ́ ojú láti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà láìrú òfin kankan.

Nígbà tí ẹ bá jọ ń lọ láti Bódìjà sí Mọ́kọ́lá, ẹ ní kó gbé fóònù sílẹ̀, kó máa sọ ohun tó ń rí síta. Kì í ṣe kó máa ka pátákó o. Ohun tó lè sún wá sí ojú ọ̀nà yín ni kó máa dárúkọ: "Ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta, ọ̀kan fẹ́ sáré kọjá." "Ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn fẹ́ ṣí." "Ọlọ́kadà ń bọ̀ lápá ọ̀tún wa." Ẹ máa fi ẹsẹ̀ yín dán an wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti tẹ bíréèkì kó tó sọ̀rọ̀, ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ tó bá di pé ẹnu rẹ̀ ń ṣáájú ẹsẹ̀ yín lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ ti là nìyẹn.

Oní-Micra, ìyẹn àwọn onítákísì ìlú yìí, ni kí ẹ fi ṣe olórí ẹ̀kọ́ yìí n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń retí kí Micra tan tràfíkétọ̀ kó tó dúró á wọ inú bùútù rẹ̀. Iná bíréèkì òmíràn nínú wọn ti kú. Ẹ̀gbẹ́ títì lẹ ti máa mọ̀ pé Micra fẹ́ dúró: ẹni tó na ọwọ́, ẹni tó gbé ẹrù sílẹ̀ tó ń wo ọ̀nà, èrò ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò rẹ̀ wò. Kí ọmọ kọ́ láti wo èrò kó tó wo mọ́tò. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí Micra bá ti dúró, ọlọ́kadà tàbí oní-Maruwa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yọ sí òsì láìwẹ̀yìn.

Àlàfo tún ń kọ́? Kó yan òpó iná kan. Bí ìdí mọ́tò iwájú bá ti kọjá òpó náà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Tí ẹ bá dé ìdí òpó kó tó kà á tán, ẹ ti súnmọ́ jù. Bí òjò bá ń rọ̀, kó kà á dé mẹ́fà. Ní eré kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, tí í ṣe òdiwọ̀n àárín ìlú, ọkọ̀ ń jẹ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì nílò bíi mítà 25 lórí ọ̀dà gbígbẹ kó tó dúró pátápátá. Ní 80, ó ju mítà 50 lọ. Eré ò tíì di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí ti di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 50 yẹn lójú títì àdúgbò, kó rí bó ṣe jìn tó.

Ọkọ̀ wo?

Èyí tó wà nílé ni, kò sídìí láti ra òmíràn. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fi kọ́ ọ, gíà ọlọ́wọ́ á tẹ̀lé e nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti gbé ọ̀nà. Ohun kan ló yẹ kí ẹ wò. Bí ilé bá ní méjì, ẹ mú èyí tí háńbíréèkì rẹ̀ wà láàárín ìjókòó méjèèjì, nítorí ọwọ́ yín á tó o. Kòrólà sábà máa ń ní in láàárín. Àwọn Káńrì tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sábà máa ń fi ẹsẹ̀ òsì dírẹ́bà tẹ tiwọn, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i láti ìjókòó yín. Bí ẹ bá máa fa háńbíréèkì, ẹ tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Fífà á lójijì lórí eré lè mú kí táyà ẹ̀yìn dì, kí ìdí ọkọ̀ sì yí síwájú.

Táyà: ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ ti dàgbà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wọn atẹ́gùn láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, bíi 30 sí 33 PSI ni fún ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré.

Inú pápá

Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tí ènìyàn ò sí: pápá ilé-ìwé nígbà ìsinmi, tàbí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kò sí ìsìn. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ìjókòó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì délẹ̀ kí orúnkún ṣì ká díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè sinmi lórí sítíárìn láìjẹ́ pé ẹ̀yìn kúrò lára àga, kí àyà sì jìnnà sí sítíárìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí bàlúù tó wà nínú rẹ̀ ń bẹ́ jáde pẹ̀lú agbára. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sún mọ́ iwájú jù torí wọ́n fẹ́ rí imú mọ́tò. Ẹ gbé ìjókòó sókè dípò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì á wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún sítíárìn gan-an, kì í ṣe lókè. Bẹ́líìtì á kọjá lórí egungun èjìká àti egungun ìbàdí, kò gbọdọ̀ wà lórí ikùn. Nínú dígí ẹ̀gbẹ́, kí ara mọ́tò tó ń rí jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò gbọdọ̀ wọ sílípáàsì.

Bíréèkì ló ṣáájú tọ́rótù. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, kó má fọwọ́ ba tọ́rótù rárá. Kó fi gíà sí D, kó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á máa fà fúnra rẹ̀. Kó dá a dúró débi tí orí yín ò ní mi síwájú. Kó ṣe é títí yóò fi sú u. Ìdí rẹ̀ ni pé àṣìṣe tó ń gbé ọkọ̀ wọ ilé onílé ni ti ẹni tó fẹ́ tẹ bíréèkì tó tẹ tọ́rótù, tí ọkọ̀ fò, tí ìpayà sì mú kó túbọ̀ tẹ̀ ẹ́. Gìgísẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ dúró nílẹ̀ níwájú bíréèkì, kí ìka ẹsẹ̀ máa yí lọ sórí tọ́rótù kó máa padà. Ẹsẹ̀ òsì ò níṣẹ́ nínú ọtomátíìkì. Ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì, ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, kó má di bárakú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sítíárìn. Ẹ bu iyanrìn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́jọ, ẹ tò wọ́n bí ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 2.5. Kòrólà tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò fẹ̀ ní bíi mítà 1.7, nítorí náà àyè wà, àmọ́ kò pọ̀. Ọmọ á kọlu bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá tẹjú mọ́, ọ̀pọ̀ sì ń wọ gọ́tà nítorí gọ́tà ni wọ́n ń wò. Ẹ ní kó wo ìparí ọ̀nà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rífáàsì ń fẹ́ sùúrù. Kó yí ara wẹ̀yìn, kó má gbára lé kámẹ́rà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn ni pé nígbà tí ìdí ọkọ̀ ń yà sí ọ̀tún, imú rẹ̀ ń fẹ̀ sí òsì. Ìyẹn ló ń ha òpó géètì. Àwọn ọmọ kéékèèké inú àgbàlá kì í hàn nínú dígí kankan, nítorí náà kó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀kan kó tó wọlé sínú rẹ̀, kódà bó bá ń kánjú.

Òkè Ìbàdàn

Ìlú òkè ni tiwa. Ẹ má gbé e dé Mápó tàbí Òkè Àrẹ kó tó mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń padà sẹ́yìn. Ẹ wá òkè kékeré tí kò sí ènìyàn lẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ gíà ọlọ́wọ́, kó fa háńbíréèkì, kó tẹ tọ́rótù díẹ̀, kó gbé klọ́ọ̀ṣì títí ohùn ẹ́ńjìnì yóò fi rẹlẹ̀ tí imú ọkọ̀ á gbéra díẹ̀, ìgbà yẹn ni kó tú háńbíréèkì sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, klọ́ọ̀ṣì ló yára jù. Bí ó bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò lọ, tọ́rótù ló pọ̀ jù, òórùn jíjó á sì tẹ̀lé e. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òkè, kó fi àyè mọ́tò kan sílẹ̀ níwájú, nítorí ẹni iwájú náà lè padà sẹ́yìn.

Sísọ̀kalẹ̀ ló léwu ju gígùn lọ. Àwọn kan máa ń sọ gíà sí N kí epo má baà jó. Iye epo yẹn ò tó nǹkan, ẹ́ńjìnì ò sì ní bá wọn dá ọkọ̀ dúró mọ́. Gbogbo iṣẹ́ á wá bọ́ sórí bíréèkì, bíréèkì tó bá sì gbóná jù á máa kọ iṣẹ́. Kó lo gíà kékeré, L tàbí 2 nínú ọtomátíìkì.

Títì

Àárọ̀ Sunday, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wọlé, ni kí ẹ kọ́kọ́ jáde, sí Jẹ́ríkò tàbí GRA Àgodi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ring Road. Lẹ́yìn ìyẹn, Challenge àti Ṣángó. Ìwó Road ló máa kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú 40 tó fún ìjókòó kan, nítorí bó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò ní rí nǹkan kan mọ́, ẹ̀yin náà á sì máa pariwo.

Ẹnu òbí ń dá jàǹbá sílẹ̀. Ẹ sọ ibi kí ẹ tó sọ iṣẹ́: "Lẹ́yìn ilé epo yẹn, a máa yà sí ọ̀tún." Kí ọ̀rọ̀ "Dúró!" wà fún ewu nìkan, kí ọmọ mọ̀ pé bó bá gbọ́ ọ, bíréèkì ni láìbéèrè. Bó bá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kó páàkì kí ẹ tó sọ ọ́. Ìbáwí lórí eré kò wọ etí. Bí ọmọ bá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀," ẹ dúró. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè ṣe é láìlọgun, ẹ fún àbúrò yín tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ní ìwé kó bá yín ṣe é.

Ọ̀tún la ti ń rìn ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà yíyà sí òsì ló ń gbé ọkọ̀ kọjá níwájú àwọn tó ń bọ̀. Bó bá ń dúró de àyè láti yà, kí táyà rẹ̀ wà ní títọ́. Bí ó bá ti yí i sí òsì sílẹ̀ tí ẹnìkan kọlù ú lẹ́yìn, yóò bá ara rẹ̀ lójú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ní ìyípo Mọ́kọ́lá, ẹni tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti òsì, ló ni ọ̀nà. Kó má retí pé gbogbo ènìyàn á tẹ̀lé e.

Àṣà méjì wà tí kò gbọdọ̀ kọ́ lára wa. Ọ̀kan ni títan tràfíkétọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan tí ènìyàn bá fẹ́ lọ tààrà ní oríta. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń rí ẹyọ kan péré, á rò pé ẹ fẹ́ yà. Èkejì ni pé iná iwájú tí wọ́n bá ṣẹ́ lù ú, "Máa bọ̀" lójú ẹlòmíràn ni, "Mò ń bọ̀, má wọlé" sì ni lójú ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ìlú yìí. Kó má fi iná ẹnikẹ́ni ṣe àṣẹ.

Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ń gbé epo àti eruku sókè lórí ọ̀dà, ó ń yọ̀ ju òjò oṣù keje lọ. Ti omi tó bo títì, ẹ ṣe é ní òfin ilé: bí kò bá rí ilẹ̀, kó má wọ̀ ọ́. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé mọ́tò kékeré, Ìbàdàn sì mọ ohun tí omi ń ṣe. Ògùnpa ya ilé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omíyalé tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Gọ́tà tí kò ní ìdérí náà wà lábẹ́ omi yẹn, kò sì hàn.

Lẹ́yìn tí ìwé bá dé

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ gbọ́dọ̀ wakọ̀ fún bíi wákàtí 50 pẹ̀lú àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, 10 nínú rẹ̀ lálẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kó máa dá wakọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì ń dín iye ọ̀rẹ́ tó lè gbé kù, wọ́n sì ń fi àkókò sí ìwakọ̀ alẹ́. Kò sí ẹni tó máa bá yín ṣe ìyẹn níbí, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kọ wákàtí sínú ìwé, ẹ má fojú dá a.

Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò sí ọ̀rẹ́ nínú ọkọ̀ àyàfi tí àgbà bá wà níbẹ̀, kò sì sí ìwakọ̀ nìkan lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ọ̀rẹ́ kan ń fa ojú, mẹ́ta ń fa ẹsẹ̀ sórí tọ́rótù. Fóònù á wà nínú píjìnhóòlù. Bó bá fẹ́ lo máàpù, kó ti tò ó kó tó gbéra. Kó tó kúrò nílé, kó sọ ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé. Ẹ sọ fún un kedere pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́, bí òjò bá pọ̀, tàbí bí ẹni tó yẹ kó gbé e wálé bá ti mutí, kó pè yín, ẹ óò wá gbé e, ẹ ò sì ní bá a wí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ mú ìlérí náà ṣẹ, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè yẹ̀ ẹ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kó dúró, kó pa ẹ́ńjìnì, kó tan tràfíkétọ̀ méjèèjì (ìgbà yìí gan-an ni wọ́n wà fún), kó gbé igun ìkìlọ̀ pupa sẹ́yìn ní bíi ìṣísẹ̀ 50, kó pe 122, nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, lẹ́yìn náà kó pe ẹ̀yin. Bí èrò bá fẹ́ lù ú, kó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù, kó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn.

Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló kù. Òdiwọ̀n eré níbẹ̀ jẹ́ 100 fún mọ́tò ara ẹni, ẹ fún un ní 80 ní ìrìn àkọ́kọ́, ní ọ̀sán, kí ẹ jókòó tì í. Bó bá fẹ́ kọjá tírélà, kó má dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá rí ojú dírẹ́bà nínú dígí tírélà, dírẹ́bà ò rí òun náà. Kó kọjá tán, kó rí iná iwájú tírélà náà méjèèjì nínú dígí àárín, kó tó padà sí ọ̀tún.